Ẹni Tí Ládàánì Ń Pè

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Èmi lẹ́ran láyà, mo lẹ́ran lápá, mo sì ń jowú. Ọmọ tí mo ń jowú rẹ̀ kò dàgbà tó Bilqis, ọmọ mi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ganmo. Motún ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Òmù-Àrán ni, Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, yunifásítì ló wà, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu wọn mọ́. Ọkọ mi ni wọ́n fún un pé kó fi kọ́ṣẹ́.

Ọkọ mi ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa ní Ẹ̀sìẹ́ níbí. Abdulganiyu ni orúkọ rẹ̀. Mo lè kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò pè é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì wa. Bàbá Aminullah ni mò ń pè é, torí Aminullah ni àkọ́bí wa. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tí ó bá pe ìrun àsùbáà, àwọn kan ní wọ́n ń gbọ́ ọ dé Ìjàrà-Ìsin. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n irọ́ náà máa ń dùn mọ́ mi.

Àsìkò tí a ń wa iṣu ni rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì pòórá. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ẹnu náà tọ́ padà, ọ̀rọ̀ nìkan ni kò padà wá. Ohun tó wá rú gbogbo wa lójú ni pé tí àwọn àfáà bá wá ṣe àdúà fún un, á bá wọn ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní ṣì í. Kí wọ́n tó dìde lọ, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, kò ní lè sọ pé omi. Á kàn na ọwọ́ òsì, á máa wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyekan rẹ̀ kan ní agídí ló ń ṣe. Ẹni tó lè ka Fátíhà, ẹ ní kò lè sọ pé omi?

Bilqis ló gbọ́ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Òmù-Àrán. Bí ilé ìwé wọn ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó bá ti wà ní ọdún ìkẹyìn, wọ́n á fún un ní aláìsàn kan, á máa lọ bá a nílé, títí olùkọ́ á fi wá jókòó wo ohun tó ti ṣe. Ìdánwò rẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe di pé Motún ń gun ọ̀kadà wá sílé wa nìyẹn, pẹ̀lú báàgì kan tí dígí wà nínú rẹ̀, tí oríṣiríṣi àwòrán sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun ló là á yé wa pé ohun tí ẹnu ti mọ̀ láti kékeré, bí àdúà àti orin, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló ń gbà jáde. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ní láti wá fúnra rẹ̀, ọ̀nà tirẹ̀ ni àìsàn náà bà jẹ́. Ó ní kì í ṣe agídí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì fún un ní ẹ̀pà sísè.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó gbé àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Wọ́n sùn," ni mo wí.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí, bàbá?"

"Ẹ̀kọ àti àkàrà. Wọn kò jẹ àkàrà náà tán."

Motún rẹ́rìn-ín sí mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dúró díẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Ó lè pẹ́. Ẹ ṣáà máa dúró."

Mo gbìyànjú. Ẹnu mi kò gbà. Tí èèyàn bá ti bá ọkùnrin kan gbé títí ọmọ fi bímọ, ìdáhùn ọkùnrin náà á ti wà lẹ́nu èèyàn kí òun fúnra rẹ̀ tó rò ó. Nígbà kẹta tí Motún wá, ó fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ mí pé kí n máa dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe lé mi jáde nínú yàrá tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn ní ọ̀dà.

Kí n tó jáde, ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò àwọn nǹkan inú ilé tí yóò tẹ̀ sórí páálí láti máa fi kọ́ ọkọ mi: ife omi rẹ̀, fìlà rẹ̀, búta tó fi ń ṣe àlùwàlá. Ó ya èmi náà.

"Orúkọ yín ńkọ́, mà? Mo fẹ́ kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán yín."

"Ìyá Aminullah."

"Orúkọ yín gan-an, mà."

"Nímọ́tà."

Ó kọ ọ́. Orúkọ tó wà lórí káàdì ìdìbò mi nìyẹn. Ohun tó bi mí ni mo dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń jókòó sí tí Motún bá wá, mo ń bó ẹ̀gúsí, aṣọ ìkélé wà láàárín èmi àti wọn. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí ọkọ mi sọ pé omi. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn àìsàn, ọmọ ọlọ́mọ ló sọ ọ́ fún. Motún sáré jáde wá bá mi, ó ní, "Màámi, bàbá ti sọ omi." Mo ní àlùbáríkà. Mo bu omi, mo gbé e wọlé fún un. Ó mu ún, ó fi ọwọ́ òsì gbá mi lápá, kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin yìí bá ń bọ̀, ọkọ mi á ti nawọ́ sí fìlà rẹ̀ kí n tó gbé omi ìwẹ̀ kaná. Fìlà tó jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń dé e fún un lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó tún ń fọwọ́ pa àgbọ̀n kí n lè mọ̀ pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù jù. Èmi ni mò ń fá a. Èmi ni mò ń fi òróró pa á lára, tí mò ń wọ̀ ọ́ ní bùbá mímọ́, tí mò ń ṣe ọkọ mi lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè lọ máa rẹ́rìn-ín fún ẹlòmíì. Jàrátù tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa kò sì jẹ́ kí n gbádùn.

"Ìyá Aminullah, ẹ̀rín bàbá là ń gbọ́ dé ọ̀dọ̀ wa o. Ẹ̀kọ́ yìí mà dùn."

"Ẹ̀kọ́ ni. Ìwọ náà wá kọ́ ọ."

"Èmi kọ́. Kí wọ́n má kàn kọ́ ọ tán kí ẹ gbọ́ pé ẹ ti ní ìyàwó."

Ó rẹ́rìn-ín lọ sílé rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bó ẹ̀gúsí ọjọ́ náà títí èékánná fi ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ n kò ní í se ẹ̀gúsí.

Gbogbo èyí, mo lè fara dà á. Àìsàn ni, mo ń sọ fún ara mi, ẹ̀kọ́ ni. Títí di ọjọ́ tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo gbọ́ tí ọkọ mi wí nínú yàrá pé, "Àwẹ̀ró."

"Rárá, bàbá," ni Motún wí. "Motún ni mí. Ẹ wí i: Mo-tún."

"Àwẹ̀ró," ni ọkọ mi tún wí. Ohùn rẹ̀ le sí i.

Èmi ni Àwẹ̀ró.

Ìyá tó bí ìyá mi ló fi oríkì náà kẹ́ mi. Nígbà tí ó kú, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń pè é. Ọkọ mi kì í pè é lójú ọmọ, kì í pè é lójú àlejò. Lójú wọn, Ìyá Aminullah ni mí. Ṣùgbọ́n tí ara mi kò bá yá, tàbí tí ó bá ṣẹ̀ mí tí kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀ mí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, "Àwẹ̀ró," á wá dákẹ́. N kì í lè bínú kọjá ibẹ̀. Aminullah kò mọ orúkọ náà. Bilqis kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, mo sì ti ń ṣe àdúà pé kí Ọlọ́run dá ìyẹn nìkan padà fún mi, kódà bí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọlọ́run dá a padà. Ọkọ mi wá gbé e fún ọmọ tó jókòó sórí àga.

Wàláhì, ojú mi ṣókùnkùn. Nígbà tí Motún jáde, tó kúnlẹ̀ láti dágbére, n kò dá a lóhùn. Ẹ̀pà tí mo ti sè sílẹ̀ fún un, mo gbé e lọ fún àwọn ewúrẹ́ lójú rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi mí ní nǹkan. Ó wo ojú mi, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mo pe Bilqis lórí fóònù. "Sọ fún ọmọ náà kó má wá mọ́."

"Kí ló ṣe, Màámi?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Kó ṣáà má wá."

"Màámi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó. Bí ẹ bá lé e báyìí, á tún ọdún ìkẹyìn ṣe ni. Bàbá sì ti ń sọ̀rọ̀."

"Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

Bilqis ní, "Màámi, ṣé ẹ ń jowú Motún ni?"

Mo pa fóònù. Ọmọ tí mo bí.

Mo jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà kọjá. Motún tún wá, orúkọ náà tún jáde lẹ́nu ọkọ mi, Motún tún ní rárá. Èmi ti to ọ̀rọ̀ tèmi jọ sínú. Tí olùkọ́ wọn bá dé, tí wọ́n bá ṣe tán, màá wọlé, màá ní kí wọ́n kó ọmọ wọn lọ kí wọ́n sì fi ọkọ mi sílẹ̀ fún mi bó ṣe wà. Bí wọn kò bá yege nínú ìdánwò, àwọn ló mọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ó yadi sọ́dọ̀ mi ju kí ó máa fi orúkọ mi pe ẹlòmíì.

Olùkọ́ náà dé. Dókítà Olúṣẹ̀yẹ ni wọ́n ń pè é, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó wọ bàtà àwọn tó ń sáré. Ó kí mi bó ti yẹ, ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí aṣọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kí Motún máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. Motún yí ojú sí mi. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jókòó. Mo fi ìka kan sún aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń wò wọ́n.

Motún gbé àwòrán ife sókè, ọkọ mi ní, "Omi." Ó gbé búta sókè, ọkọ mi ronú, ó ronú, ó ní, "Búta." Ó pe fìlà. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi pé inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni Motún gbé àwòrán mi sókè.

"Ta nìyí, bàbá? Ní..."

Ọkọ mi wo àwòrán náà pẹ́.

"Ní-mọ́..." ni Motún tún wí, ó ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ràn án lọ́wọ́.

"Àwẹ̀ró."

"Rárá, bàbá. Nímọ́tà."

"Àwẹ̀ró." Ọkọ mi fi ọwọ́ òsì gbá bẹ́ẹ̀dì.

Àwòrán mi ló wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Mo rí i kedere. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú.

Motún yíjú sí olùkọ́ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan tó há sí wọn lẹ́nu ni, mà. Ohun tí wọn kò bá rántí orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo ti ń bá wọn ṣe é kí wọ́n lè jáwọ́ nínú rẹ̀."

"Wọ́n pe búta ní bẹ́ẹ̀ rí?"

Motún ronú. "Rárá, mà."

"Fìlà ńkọ́?"

"Rárá."

"Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́?"

"Tí mo bá gbé àwòrán yìí jáde. Àti... tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí màámi bá ti jáde."

"Tí wọ́n bá ń sọ ọ́ nígbà yẹn, ṣé ìwọ ni wọ́n ń wò?"

Ohùn Motún lọ sílẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń wò, mà."

Gbogbo ìgbà tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tí mò ń bó ẹ̀gúsí, èmi ni ó ń pè. Ọmọbìnrin yẹn ń sọ fún un pé rárá. Èmi náà gbọ́, mo sì jókòó sójú kan, n kò dáhùn.

"O bi ẹnikẹ́ni nílé yìí pé ta ni Àwẹ̀ró?" ni Dókítà Olúṣẹ̀yẹ bi í.

"Mo bi Àǹtí Bilqis lórí fóònù, mà. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Mo rò pé bóyá ìyá bàbá tó ti kú ni."

"Ọmọ tó wà ní Ganmo lo bi. Ìyàwó tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀rù wọn ń bà mí, mà," ni Motún wí. "Wọn kì í dá mi lóhùn mọ́."

Olùkọ́ náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn ní, "O ti ń kọ́ bàbá yìí pé kí wọ́n má pe ẹni tí wọ́n ń pè." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ibi tí ìka mi wà. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Mo wọlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò jọ láti ọ̀sẹ̀ kan, n kò rí ẹyọ kan mú nínú rẹ̀. Olùkọ́ náà bi mí pé ta ni Àwẹ̀ró. Èmi tí mo máa ń dáhùn ọ̀rọ̀ tí wọn kò bi mí, ẹnu mi kò ṣí.

Ọkọ mi ti gbé orí sókè. "Àwẹ̀ró?"

"Sà," ni mo wí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún, omijé ń bọ́ sórí bùbá mímọ́ tí mo wọ̀ fún un. Ó na ọwọ́ òsì sí mi, ó ń wí i lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi náà sì ń dáhùn.

Dókítà Olúṣẹ̀yẹ ní kí Motún dìde, ó ní kí n jókòó. Àga náà ṣì gbóná. Ó wá sọ fún Motún pé ìdánwò náà kò tí ì parí, pé yóò ṣì máa wá títí oṣù yóò fi tán, pé èmi ni yóò máa jókòó sórí àga yẹn, Motún á sì jókòó sórí àpótí. "N kò wá ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ọ," ni olùkọ́ náà wí. "Èyí tí wọ́n bá lè sọ fún ìyàwó wọn nígbà tí o bá ti lọ, òun ni mo fẹ́ mọ̀." Ó yíjú sí èmi náà, ó rọra sọ fún mi pé kí n má máa gbé omi wá kí ọkọ mi tó béèrè, pé kí n máa dúró. Motún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó yẹ kí n káàánú rẹ̀. Mo káàánú rẹ̀ díẹ̀.

Ó mú bírò, ó mú àwòrán mi, ó fagi lé Nímọ́tà. "Màámi, ṣé kí n kọ Àwẹ̀ró síbẹ̀?"

Ó dùn mí bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti rí yẹn, ó ṣì dùn mí.

"Má kọ ọ́," ni mo wí. "Fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yẹ kó pè é ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ, Ìyá Aminullah ni kí o máa pè mí."

Motún wo olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti fèsì."

Mo fún wọn ní ẹ̀pà nígbà tí wọ́n ń lọ. Mo sìn wọ́n dé ẹ̀bá títì, mo padà wọlé, mo bu omi sínú ife kí n gbé e fún ọkọ mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó rántí ohun tí wọ́n sọ fún mi. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Nínú yàrá, ó mí, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan.

"Àwẹ̀ró," ni ọkọ mi wí. Ó pẹ́ díẹ̀. "Àwẹ̀ró, omi."

Omi wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ olùkọ́ ní kí n máa dúró. Mo dúró, kí ó lè tún un pè.